Ìwé pop-up, mọ́ṣáláṣí alámọ̀, àti kíláàsì kẹrin kan

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin kan ló pè mí. Iṣẹ́ ìwé ọmọdé àti bébà gígé ni mo ń ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n darí ẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní ogún àṣà làwọn ń kọ́ àwọn ọmọ, ilé ìwé sì ti ní kí ẹnì kan bá àwọn ṣe ìwé pop-up kan, ìyẹn ìwé tí bébà inú ẹ̀ máa ń dìde tó o bá ṣí i, ìwé yẹn rẹwà débi pé àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà lé e lórí, ṣùgbọ́n nígbà tóun bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́yìn ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ò bá ohun tóun kọ́ wọn mu rárá. Mo ní kó kó àwọn bébà ìdáhùn yẹn wá, kó mú ìwé náà dání. Mo fẹ́ kọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ síbí, nítorí mo rí i pé àwọn olùkọ́ tó ń fẹ́ lo irú ìwé yìí ń pọ̀ sí i, tí wọ́n bá sì ti gbọ́ "háà!" lẹ́nu ọmọ, wọ́n á gbà pé ẹ̀kọ́ ti wọlé nìyẹn.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n mú ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá tó wà ní Djenné, lórílẹ̀-èdè Mali. Mo rò pé wọ́n mú un dáadáa. Ilé tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ni, ó tóbi gan-an, ìlú náà fúnra ẹ̀ ti wà lórí ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 1988. Ohun tó wá jẹ́ kó dáa fún kíláàsì ni pé ilé yẹn kì í parí. Òjò ń fọ ara ẹ̀ lọ́dọọdún, ọdọọdún làwọn ará ìlú sì ń jáde láti tún un rẹ́, tọmọdé tàgbà. Wọ́n á ti po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì sínú kòtò kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọkùnrin kéékèèké á máa fò sókè sódò nínú ẹ̀ bíi pé eré ni wọ́n ń ṣe, eré ni lóòótọ́ àmọ́ amọ̀ náà ń pò mọ́ra. Àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ló ń pọn omi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á sáré gbé amọ̀ wá, àdúgbò kan á máa bá èkejì figagbága, àwọn ọ̀mọlé tó ní ẹgbẹ́ tiwọn láti ayébáyé á máa darí iṣẹ́, àwọn àgbàlagbà á jókòó sí ojú ọjà níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa wò. Àwọn igi ọ̀pẹ tó yọ síta lára ògiri, tí wọ́n ń pè ní toron, orí ẹ̀ ni wọ́n ń gùn lọ sókè láti rẹ́ ògiri. Ó ń ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́ o, mi ò ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àkàbà ni.

Ẹ wá wo bébà ìdáhùn. Kí ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí? Òkúta ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan kọ sìmẹ́ńtì, ọmọ kan kọ "páálí", mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò parọ́, páálí lòun rí. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Ìjọba. Sójà. Ọkùnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kí làwọn igi tó yọ síta yẹn wà fún? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí olè má bàa lè gùn ún ni. Ẹnì kan ní kí ẹyẹ lè rí ibi bà lé. Ṣé ẹ rí ìyẹn ti olè yẹn, òun gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe pé àwọn ọmọ ò fetí sílẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìwé ni wọ́n tẹ́tí sí, wọn ò tẹ́tí sí olùkọ́.

Àǹtí, ìyẹn olùkọ́ yẹn, ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún wọn o, mo sọ ọ́ lásọtúnsọ pé amọ̀ ni." Mo gbà á gbọ́. Ó tún kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán, lẹ́tà gàdàgbà.

Mo ṣí ìwé náà. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ojú ewé tó wà láàárín ni baba gbogbo ẹ̀. Bó o bá ṣe ń ṣí i báyìí ni ilé ìṣọ́ gíga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta iwájú mọ́ṣáláṣí yẹn á máa dìde, ìṣẹ́po onígun bíi lẹ́tà V ni wọ́n fi gbé wọn ró, tí ẹnu gígún ẹ̀ bọ́ sí àárín ìwé gẹ́lẹ́, àwọn toron á yọ síta fírífírí, ẹyin ògòǹgò tó wà ní ṣóńṣó orí ẹ̀ á hàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ní Djenné lóòótọ́, ẹyin ògòǹgò ni wọ́n fi sórí ẹ̀, ó jẹ́ àmì ìbísí àti ìmọ́tótó. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. O ṣí ìwé, mọ́ṣáláṣí dúró. O pa á dé, kò sí mọ́.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ọwọ́ ọmọ ni ẹ̀kọ́ ìwé pop-up ń gbà wọlé, ohun tí ọwọ́ ẹ̀ bá ṣe ló máa gbà gbọ́, ohun tó wà nísàlẹ̀ àwòrán á kàn dà bí àlàyé tí àgbàlagbà ń ṣe. Ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ yìí sì ṣe ni pé wọ́n ṣí nǹkan, nǹkan náà dìde fúnra ẹ̀, ó pé, ó gún, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ kan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìwé náà kọ́ wọn nìyẹn, ó sì kọ́ wọn yanjú: pé ilé yìí ti wà bẹ́ẹ̀, ó ti parí, kò ń fẹ́ ẹnikẹ́ni. Òdìkejì Djenné pátápátá. Tó bá jẹ́ àwòrán pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n lò, kò ní burú tó báyẹn, torí àwòrán pẹlẹbẹ kì í fi ọwọ́ ọmọ purọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Bébà tó ń yí, tó ń ṣí, kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá làwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi bébà róbótó tó ń yí sínú ìwé láti fi ṣírò ọjọ́ àjọ̀dún. Nígbà tó di 1543, Vesalius tó ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ara ẹ̀dá tẹ àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gé kó lẹ̀ wọ́n léra, kó máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó tó nǹkan bíi 1765 ní London kí Robert Sayer, atẹ̀wé kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ìmọ̀ ló ní kí bébà ṣí, o ò lè rí ẹ̀dọ̀ láìṣí awọ. Àwa táa jogún ẹ̀, ìyanu là ń fi ṣe. Ìyanu náà dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, òun ló ń fi oúnjẹ sẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Àǹtí bi mí pé ṣé kí àwọn jù ú nù. Mo ní rárá o, àwọn ilé ìṣọ́ yẹn dáa, ara ògiri ni ká tún ṣe. Mo mú àwòrán iwájú mọ́ṣáláṣí náà, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sí ojú ewé kan tó dá wà, ìyẹn ni pé kò ní í dìde, ó máa tóbi ju tinú ìwé lọ, kó lè gba ọwọ́ ọmọ bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kun ògiri náà bí èyí tó ti sán. Lórí ẹ̀ mo wá ge bébà aláwọ̀ amọ̀ ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, òun ni amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, inú àlàfo tín-ínrín tín-ínrín ló ń rìn sókè sódò. Nísàlẹ̀ mo fi ahọ́n bébà kan síbẹ̀ tó ń ṣe é fà. Òjò ni mo kọ sí i lára. Tí ọmọ bá fa òjò, gbogbo ìlà bébà yẹn á jọ bọ́ sílẹ̀ wìì, wọ́n á wọ abẹ́ pèpéle tí mọ́ṣáláṣí dúró lé lọ, ògiri tó sán á hàn.

Mi ò fi ahọ́n kankan sí i tó máa dá a padà.

Àǹtí wò mí títí. "Báwo wá ni wọ́n ṣe máa dá a padà?" Mo ní ọwọ́ ni, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn toron wà lọ́tọ̀, bébà tí mo ká le bí igi, ihò wọn wà lára ògiri. Àwọn ọ̀mọlé kéékèèké wà, bébà náà ni, wọ́n ní ìkọ́ lẹ́yìn, orí toron ni wọ́n ń kọ́ sí, ọwọ́ wọn ló sì ń di ìlà bébà mú lókè. Tí o kò bá tíì ki toron bọ ihò, ọ̀mọlé ò ní ibi dúró, tí ọ̀mọlé ò bá dúró, kò sẹ́ni tó máa di amọ̀ mú. Òjò kan péré, ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti tún un rẹ́, ọmọ kan ò lè dá a ṣe, torí tó bá ti tu ọwọ́ sílẹ̀ ní apá ọ̀tún, apá òsì ti ń yọ́ wálẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àlàfo yẹn dẹ̀ díẹ̀ ni.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Àǹtí ò ṣàlàyé kankan, ó ní kí ọmọ kan wá fa òjò. Ó fà á. Kíláàsì pariwo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó wá ní ó yá, ẹ tún un ṣe, kíláàsì tó kù ń dúró, a ò ní í ṣí ojú ewé tó kàn títí ẹ fi máa parí. Ọmọkùnrin tó fa òjò yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlà bébà sókè, ó ń bọ́, ó ń tì í, ó ń bọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Àǹtí, kò gbà." Ọmọbìnrin kan láti iwájú dìde láìgbàṣẹ, ó ní ṣé ìwọ ò rí i pé wọ́n ń gun igi yẹn ni, ó mú toron, ó kì í bọ ihò, ó gbé ọ̀mọlé kọ́ ọ. Ìgbà tó yá wọ́n ti di mẹ́rin, ẹnì kan ń kó toron fún wọn, ẹnì kan di ìsàlẹ̀ mú, wọ́n ń pàṣẹ fúnra wọn, wọ́n ń bú ara wọn náà, Àǹtí kàn káwọ́ lẹ́rán. Kò tún bi wọ́n léèrè ohun tí toron wà fún mọ́. Kò sídìí.

Ìdíje tó wáyé láàárín àwọn ìjókòó, ẹnikẹ́ni ò ṣètò ẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀tún ní àwọn máa yá ju ẹgbẹ́ òsì lọ, wọ́n ń ka òǹkà sókè. Ìgbà yẹn ni Àǹtí wá fi fọ́tò ọjọ́ ìrẹ́lé Djenné hàn wọ́n lórí fóònù ẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe náà nìyí, àdúgbò sí àdúgbò. Fọ́tò yẹn tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, mo rò pé wọn ò ní í rí nǹkan kan nínú ẹ̀ ju èrò rẹpẹtẹ lára ògiri lọ. Báyìí ńṣe ni wọ́n ń nawọ́: "ẹ wò ó, ẹ wo ẹni yẹn, kò ní toron níbi tó wà!" Ìwé ló sọ fọ́tò di ohun tó ṣe é kà fún wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ń ṣí, o ṣí i, wọ́n ya inú ẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú fìtílà aláràbarà àti kápẹ́ẹ̀tì pupa. Inú orí ayàwòrán ló ti wá, inú mọ́ṣáláṣí yẹn gan-an ò rí bẹ́ẹ̀, òpó amọ̀ gbàǹgbà gbàǹgbà ló kún ibẹ̀, tó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, láti ọdún 1996, lẹ́yìn tí àwọn oníwèé ìròyìn oge kan ti ya fọ́tò àwọn awòṣe aṣọ síbẹ̀ tó sì bí àwọn ará ìlú nínú, wọn ò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọ inú ẹ̀ mọ́. Mo bá lẹ ilẹ̀kùn pa. Mo jẹ́ kí ìlà etí ẹ̀ ṣì hàn bí ohun tó lè ṣí, torí mo fẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ o. Ọmọ kan fi rúlà tẹ̀ ẹ́, díẹ̀ ló kù kó ya. Àǹtí wá sọ fún wọn ìdí tí kò fi ń ṣí. Kíláàsì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lọmọ kan bá sọ láti ẹ̀yìn pé, "Àǹtí, èmi lè wọlé o, àwọn wọ̀nyí ni ò lè wọlé." Ẹ̀rín pa wọ́n, àmọ́ mo rí i lójú Àǹtí pé àyà ẹ̀ já, torí irú ọ̀rọ̀ báyìí lè di ìwọ̀sí láàárín ọmọdé kéèyàn tó ṣẹ́jú. Ohun tó ṣe dùn mọ́ mi. Kò sọ pé gbogbo wa la jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. O dẹ̀ máa wọlé, wàá gbàdúrà, wàá jáde. Tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ bá bi ẹ́ léèrè pé báwo ni inú ẹ̀ ṣe rí, kí lo máa sọ fún wọn, kí lo ò ní í sọ?" Ọmọ náà ronú. Ó ní òun máa sọ bí òpó ẹ̀ ṣe tóbi tó, òun ò ní í ya fọ́tò ẹni tó ń kírun. Wọ́n lo àkókò tó kù lórí ìbéèrè yẹn, pé ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé, báwo ló tún ṣe lè ní ẹni tó ni ín. Mi ò tíì rí ìwé ẹ̀kọ́ kíláàsì kẹrin tó gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa ló gbé e kalẹ̀.

Ojú ewé ìtàn, mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀. Ìdérí bébà mẹ́ta lórí ara wọn. O ṣí ti òkè, ìyẹn ilé tó wà báyìí, 1906 sí 1907 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, Ismaila Traoré tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọ̀mọlé Djenné ló darí iṣẹ́ náà. Abẹ́ ẹ̀ ni èyí tí Seku Amadu, aṣáájú Fúlàní tó gba ìlú náà, kọ́ ní àwọn ọdún 1830 síbòmíràn nígbà tó fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ti ọ̀rúndún kẹtàlá tí wọ́n ní ọba Koi Konboro kọ́ lẹ́yìn tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, èyí tí René Caillié, arìnrìn-àjò ará Faransé, dé bá ní 1828 tó ti ń wó lọ. Kò sẹ́ni tó mọ bí tìsàlẹ̀ yẹn ṣe rí gan-an, mo bá ya ìpìlẹ̀ ẹ̀ nìkan, mo fi òkè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọmọbìnrin tó ki toron bọ ihò yẹn ló tún béèrè pé, "Ṣé ilé àtijọ́ ni èyí táà ń rẹ́ yìí àbí ilé tuntun?" Àǹtí da ìbéèrè náà padà sí kíláàsì, wọ́n pín sí méjì. Àwọn kan ní tuntun ni, kò tíì pé igba ọdún. Àwọn kan ní àwọn ọ̀mọlé yẹn ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, bàbá wọn kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá tiwọn, torí náà àtijọ́ ni. Kò yanjú, kò sì yẹ kó yanjú, àwọn àgbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ogún àgbáyé gan-an ń jiyàn ẹ̀.

Ibi tí nǹkan ò ti lọ déédéé ni ojú ewé 2009. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, òjò ńlá rọ̀ ní Djenné, tó fi jẹ́ pé òkè ilé ìṣọ́ tó wà lápá gúúsù wó lulẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tún un kọ́. Àǹtí fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé àìrẹ́ àti òjò lè ba nǹkan jẹ́ lóòótọ́, ó ní kí n ṣe ilé ìṣọ́ kan tó ń wó. Màmá HM, ọ̀gá ilé ìwé wọn, ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé ìjọsìn ni, kò yẹ kí ọmọdé máa fi wíwó ẹ̀ ṣeré. Àǹtí rọ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí wọ́n bá tú u, orí ilé ìṣọ́ á rọra tẹ̀ wálẹ̀. Màmá HM ló sọ òótọ́. Àwọn ọmọ tú okùn yẹn, wọ́n fà á padà, wọ́n tú u, pẹ̀lú ariwo bọ́ǹbù lẹ́nu, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó fa á. Tó bá jẹ́ wíwó ló dùn jù nínú ìwé, wíwó ni wọ́n máa kọ́. A yọ ọ́ kúrò. A fi àwòrán pẹlẹbẹ méjì rọ́pò ẹ̀, ọ̀kan kó tó wó, ọ̀kan lẹ́yìn tó wó, pẹ̀lú ọdún lábẹ́ ẹ̀, ó tó.

Nígbà tí Àǹtí tún bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, amọ̀ ni gbogbo wọn kọ, àyàfi ọmọ tó kọ páálí nígbà àkọ́kọ́, ó kọ "amọ̀ (tiwa ni páálí)". Ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Àwọn ará ìlú, àwọn ọ̀mọlé, àwọn ọmọ tó ń po amọ̀. Ẹnì kan tún kọ "gbogbo ọdún" síbi tí wọ́n ti béèrè ta ni. Toron, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ olè. Ìyẹn dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí wọ́n tọ́ka sí Djenné lórí máàpù, ó burú. Àwọn kan nawọ́ sí Íjíbítì. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ní àárín aṣálẹ̀ ló wà, kò sí omi níbẹ̀, torí àwọ̀ bébà tí mo lò, àwọ̀ iyanrìn ni lójú ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ìlú omi ni Djenné, ẹ̀bá odò Bani ló wà, tí omi bá kún, ó máa ń yí ìlú náà ká, ìdí tí wọ́n fi gbé mọ́ṣáláṣí náà sórí pèpéle gíga nìyẹn, ó tó mítà 75 ní ìbú àti òró, ó ga tó mítà mẹ́ta sí ojú ọjà. Inú pèpéle yẹn gan-an ni mo fi amọ̀ tó bọ́ pamọ́ sí nínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Àǹtí ní ká ṣe odò tó ń kún, tó ń fà. Mo ní kó gba máàpù kan kọ́ ara ògiri, kó sì ní kí àwọn ọmọ kun odò ní àwọ̀ búlúù fúnra wọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó gba àkókò kékeré, wọ́n mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni bébà tó ń rìn wúlò fún. Ibi tí nǹkan wà, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe tóbi tó, máàpù àti rúlà ń ṣe ìyẹn ju èmi lọ. Pop-up wà fún ohun tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó yé e.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀: bébà tó nípọn bíi gíráàmù 200 sí 250 (gsm, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára bébà) ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó fẹ́lẹ́ jù á ká lọ́wọ́ ọmọ, èyí tó nípọn jù ò ní í ṣẹ́ po dáadáa, á sán lójú ìṣẹ́po. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí fọ́nrán bébà kọjú sí kẹ́ ẹ tó gé, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wò, apá tó bá rọ̀ jù ni kí ìṣẹ́po bá lọ. Ohun tí ọmọ máa fà, ẹ dì í ní ìlọ́po méjì lórí, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ya. Kí ìlà bébà àti toron tó wà ní ìpamọ́ pọ̀ o, torí toron ń sọnù, mo gbọ́ pé wọ́n bá méjì nínú àpò ọmọ kan.

Ìwé náà ti ń gbó báyìí. Màmá HM ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa tún un ṣe ní gbogbo tááàmù bí àwọn ará Djenné ṣe ń ṣe, gbogbo èèyàn patẹ́wọ́ sí i. Èmi ò patẹ́wọ́. Ìlà bébà àti toron, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé tuntun, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé níbi tó ti ń ṣẹ́ po, tí ọmọdé bá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ilé ìṣọ́ yẹn ò ní í dìde tán mọ́, wọ́n á dúró lábọ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Ní Djenné pàápàá kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni gbogbo èèyàn ń ṣe, ẹgbẹ́ ọ̀mọlé wà níbẹ̀. A fẹnu kò sí i pé ẹ̀yìn ìwé, èmi ni.

Kíláàsì karùn-ún ti ránṣẹ́ sí mi pé àwọn náà fẹ́ pop-up, orin ìbílẹ̀ ni tiwọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú gbólóhùn kan fún mi, ohun tí ọwọ́ ọmọ máa ṣe nínú ìwé náà tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọrin yẹn náà ń ṣe é. Wọn ò tíì fèsì.